Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èmi àti Bàbá Ìbejì nípa oko wa ní Ìbàràpá

Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí èmi àti ọkọ mi ti ń dáko nílẹ̀ Ìbàràpá, àwọn èèyàn wa tó wà l'Ékòó àti n'Ìbàdàn ò sì yé bi wá ní ìbéèrè, ìbéèrè kan náà ni lọ́pọ̀ ìgbà, lórí fóònù o, níbi ìnáwó o. Mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan kí n dáhùn ẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi ìyàwó ni mò ń kọ ọ́, àmọ́ mo kà á sétí Bàbá Ìbejì, ibi tí wọ́n bá ti ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo tún un kọ.

Báwo ni oko yín ṣe tóbi tó? Kí lẹ gbìn síbẹ̀?

Éékà mẹ́rin ààbọ̀ ni, kò sì sí lójú kan. Mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi, èyí tó kù, a gbà á lọ́wọ́ baba kan létí odò, a sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù, lẹ́yìn ẹ̀ àgbàdo, lẹ́yìn náà ẹ̀gúsí. Ilẹ̀ wa gba ẹ̀gúsí gan-an ni, nínú gbogbo ìlú Ìbàràpá méjèèje, Ìgbòòrà, Èrúwà, Làńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgángán, tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lásìkò ẹ̀, ẹ máa rí i níbi tí wọ́n sá a sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ata àti ilá wà létí odò, tèmi nìyẹn. A ní ewúrẹ́ mẹ́fà àti adìẹ ìbílẹ̀ tí mi ò lè sọ iye wọn torí àwòdì ò jẹ́ kí n kà á pé. Iṣu ò ju igba ebè lọ, àjẹsílé ni.

Aago mélòó lẹ máa ń jí, báwo lọjọ́ kan ṣe ń lọ?

Aago márùn-ún kì í bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Ìbejì á ti jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa pọ́n àdá lórí òkúta, wọ́n á ta omi sí i, wọ́n á pọ́n ọn, wọ́n á fi àtàǹpàkò wò ó, ìró yẹn ló ń jí mi ju àkùkọ lọ. Kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀ wọ́n ti gun máṣíìnì lọ, torí oòrùn ilẹ̀ ibí kì í ṣeré, iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe ṣáájú aago mẹ́wàá ni iṣẹ́. Èmi á wẹ àwọn ọmọ, á fún wọn ní ẹ̀kọ àti àkàrà, tí wọ́n bá ti lọ sílé ìwé èmi náà á gbé agbọ̀n, ó di oko. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ a máa jókòó sábẹ́ mángòrò lẹ́bàá ahéré, a jẹun, wọ́n á sùn díẹ̀, èmi á já ilá tàbí kí n ṣa ata. A tún wọlé sóko láago mẹ́ta títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, a máa gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ sára òpó, a da ẹ̀gúsí sínú ráyà, a jókòó kojú síra wa, a máa bó o. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì tí a ti sọ láti ọdún mẹ́sàn-án, ìdí ráyà yẹn la ti sọ ọ́.

Ta ló ń ṣe kí ni nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni pé ọkùnrin ló ń ṣán oko, ló ń kọ ebè, ló ń gbìn, obìnrin ló ń bá wọn kórè, tí á rù ú wálé, tí á sọ ọ́ di gàrí tàbí láfún, tí á sì tà á. Tiwa náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀ àmọ́ ó ti lọ́ pọ̀ mọ́ra. Mi ò lè kọ ebè, mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni mo fi gba ìjìyà ẹ̀, àmọ́ mo máa ń roko, mo sì mọ àgbàdo gbìn jù wọ́n lọ, torí èmi ń wọn ẹsẹ̀ mi, ìṣísẹ̀ kan láàárín poro sí poro. Àwọn náà kì í yan gàrí àmọ́ àwọn ló ń yí jáàkì tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́, nígbà tí mo lóyún Ìdòwú ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ku gàrí, àwọn ọkùnrin àdúgbò sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, Bàbá Ìbejì ò dá wọn lóhùn.

Owó ńkọ́? Ọwọ́ ta ló ń wà?

Ìbéèrè yìí ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, a ní oko wa ni, owó wa ni, ohun gbogbo jẹ́ tiwa. Ó dùn létí, kò dùn lápò. Bàbá Ìbejì á ta ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ fún oníbàárà, mi ò ní mọ iye tó jẹ́. Èmi á yan gàrí, á tà á, á ra ìwé àwọn ọmọ, á ra epo, á ra magí, wọ́n á bi mí pé owó gàrí dà, á dà bíi pé mo jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jalè nínú wa, àìsí àkọsílẹ̀ ni.

Ọdún kẹta ló wá bú. Mo ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta gàrí ní Bódìjà, mo ti ṣèlérí àpò mẹ́jọ fún un. Mo dé oko lọ́jọ́ tí mo fẹ́ hú ẹ̀gẹ́, mo bá ilẹ̀ lófìfo. Wọ́n ti ta gbogbo ìbú yẹn lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn torí ìnáwó ìsìnkú kan nínú ẹbí wọn, owó dídá ti já wọn láyà, wọ́n ò sì rò pé ó yẹ kí àwọn bi mí. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ihò ẹ̀gẹ́ nílẹ̀, omi ti dúró sínú àwọn míì. Mo ní láti lọ bẹ ìyá oníbàárà mi. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mi ò fi bá ọkọ mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ìyá ọkọ mi ló parí ẹ̀. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi wá: "Ìyá Ìbejì, èló lo máa ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ?" Mo ní mi ò kì í rà á kẹ̀, oko wa ni. Wọ́n ní áà, nígbà tàwọn, àwọn máa ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ bàbá ni, iye tí ará ìta bá máa san làwọn náà ń san, lẹ́yìn náà èrè gàrí di tàwọn, bàbá ò gbọ́dọ̀ bèèrè ẹ̀. Bàbá Ìbejì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé pé ìyá wọn ń sanwó fún bàbá wọn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Báyìí, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo jẹ́ ti ọkọ mi. Mo máa ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wọn ní iye ọjà, a jọ ń lọ wo ebè ká tó dá iye lé e. Èrè gàrí jẹ́ tèmi, ata àti ilá jẹ́ tèmi, ẹ̀gúsí la pín sí méjì torí àwa méjèèjì la jọ ń bó o. Owó ilé ìwé, owó lébìrà àti epo máṣíìnì ń jáde látọ̀dọ̀ wọn. Ọbẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ, ìwé àti oògùn ń jáde látọ̀dọ̀ mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ta nǹkan, náírà kan nínú mẹ́rin á wọ inú kóló kan tó wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, owó oko ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ìsìnkú bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀kọ́sáìsì kan wà lórí tábìlì, gbogbo alẹ́ Sunday la máa ń kọ ọ́.

Àwọn kan sọ pé èyí ò jọ ìfẹ́, pé ṣé tọkọtaya tún ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn ni. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Láti ọdún tí a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo mọ ohun tí mo ní, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní, a sì máa ń yá ara wa lówó, a sì ń san án padà.

Ṣé ẹ ṣì ń jà?

A ń jà kẹ̀. Lórí ewúrẹ́ tó já okùn, lórí ẹni tó gbàgbé oúnjẹ adìẹ. Kì í pẹ́.

Kí ló dé tí ẹ ò kan ta ẹ̀gẹ́ yín nínú ilẹ̀, kẹ́ ẹ sinmi wàhálà gàrí?

Torí pé ẹni tó bá ń ra ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ti kó sínú ìṣòro, iye tó bá wù ú ló máa pè. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu tí èèyàn lè tò sínú àká, tí ẹ bá ti hú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń dúdú nínú. Tó bá di gàrí tó gbẹ dáadáa, mo lè gbé e pa mọ́ fún oṣù mélòó kan títí ọjà á fi gbówó lórí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Nínú kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù, nǹkan bíi kílò 20 sí 25 gàrí lèèyàn máa ń rí. A bó o, a fọ̀ ọ́, a gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, a rọ ọ́ sínú àpò, a gbé jáàkì lé e fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí omi ẹ̀ jáde kó sì kan díẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ò ṣeé fò o, oró wà nínú ẹ̀gẹ́, àgàgà èyí tó korò, kíkan àti jíjọ omi ẹ̀ pẹ̀lú iná ló ń lé e lọ. Tó bá ti gbẹ á le bíi búlọ́ọ̀kù, a fọ́ ọ, a kù ú, ó di ìdí agbada. Èèyàn á mú àfọ́kù igbá dání, á máa fi tẹ̀ ẹ́, á máa tú u ká, kò gbọ́dọ̀ dúró, tó bá dúró á di kókó. Èéfín á wọ ojú. Ẹ máa gbọ́ ọ létí tó bá ti jinná, ariwo ẹ̀ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣàràṣàrà bíi iyanrìn, ẹni tó bá ń yan gàrí tipẹ́ kì í wo ojú ẹ̀, etí ló ń lò.

Owó ẹ̀rọ ló ń pa wá jù báyìí. Ṣáájú òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà, bí ìjọba ṣe yọ owó ìrànwọ́ orí epo ló fò dé nǹkan bíi 500, ó sì tún ti lọ sókè sí i lẹ́yìn náà. Gbogbo owó yẹn orí gàrí ló ń bọ́ sí, látorí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ dé orí mọ́tò tó ń gbé e lọ Ìbàdàn.

Ìgbà wo lẹ máa ń gbìn?

Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó múlẹ̀, ní ìparí March tàbí inú April, a gbin àgbàdo àti ẹ̀gúsí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ tàn yín. A máa ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́ kékeré torí ó ń bo ilẹ̀, koríko ò ní ríbi hù, ẹ jèrè ìroko kan níbẹ̀. Òjò á dá díẹ̀ nínú August, lẹ́yìn ẹ̀ la ń gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀, igi ẹ̀ la ń gé, kó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta, mítà kan láàárín ara wọn, ọdún kan gbáko kó tó gbó dáadáa. Ẹ̀gẹ́ àgíríìkì la ń gbìn, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà n'Ìbàdàn láti 1967 ti ṣiṣẹ́ lé lórí, torí àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kì í bá a jà bíi ti ìbílẹ̀.

Ṣé ẹ máa ń lo lébìrà?

A ń lò ó fún ebè kíkọ, igba ebè igba ebè la fi ń sanwó. Fún ìroko, àáró la ń ṣe. Ìdílé márùn-ún ni wá, ọjọ́ kan gbogbo wa wà lóko ẹnìkan, ọjọ́ kejì ó kan ẹlòmíì, oúnjẹ ni ẹni tó ni oko máa pèsè. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n ní owó làwọn fẹ́. Mi ò bá wọn wí, àmọ́ oko tí èèyàn mẹ́wàá ro ń parí kí oòrùn tó mú, orin á wà níbẹ̀, ìròyìn á wà níbẹ̀, lébìrà ò lè fún yín níyẹn.

Kòkòrò inú àgbàdo ńkọ́?

Èyí tí wọ́n ń pè ní armyworm ni ẹ ń sọ, 2016 ló wọ Nàìjíríà, kò pẹ́ sígbà náà la dé sórí ilẹ̀ yìí. Inú ọkàn àgbàdo ló ń wọ̀, á jẹ ewé tó ń yọ, ẹ máa rí ìgbẹ́ ẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú pákó. Ẹ rìn nínú oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa pẹ̀lú ọwọ́. A máa ń bu eérú sínú ọkàn ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ tó bá ṣì kéré. Ẹni tó bá gbìn pẹ́ ni tiẹ̀ ń pọ̀ jù.

Ẹ máa ń fín oògùn koríko?

Díẹ̀díẹ̀, Bàbá Ìbejì nìkan, èmi ò sì kì í lọ sóko yẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ń tọ́mọ, aṣọ tí wọ́n fi fín oògùn, àwọn fúnra wọn ló ń fọ̀ ọ́. Paraquat, èyí tó ń jó ewé láàárín wákàtí mélòó kan, NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Kò ní ẹ̀rọ̀ tí èèyàn bá gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ oògùn kankan sínú ike kóòkì tàbí ike omi, ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Màlúù ti jẹ oko yín rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, a dé oko láàárọ̀, a bá ẹ̀gẹ́ éékà kan tí wọ́n ti jẹ ewé ẹ̀ tí wọ́n sì ti tẹ ebè mọ́lẹ̀. A ò rí ẹni tó da màlúù náà, a ò sì lè purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. A lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ká mú owó epo wá kí àwọn tó wá wo ibẹ̀, a mú un wá, wọn ò wá. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti gbó, a kì í fi í sílẹ̀ di ọ̀gbẹlẹ̀ mọ́, a máa hú u kí koríko ìta tó gbẹ. Ó ń dùn mí ṣá, torí ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ ni báǹkì wa tẹ́lẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ilasa ló fún yín ní ìbejì?

Àwọn ará Ìgbòòrà, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìbejì, gbà bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ilasa, ìyẹn ewé ilá, àti àmàlà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Èmi mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ dáadáa, Táíwò àti Kẹ́hìndé sì dé. Ohun tó kù, ẹ bi Ọlọ́run.

Àwọn ọmọ máa ń ṣiṣẹ́ oko?

Ọjọ́ Sátidé nìkan. Wọ́n ń ṣa ata, wọ́n ń fún adìẹ lóúnjẹ. Kò sí ọmọ wa tó máa sá ilé ìwé torí ìroko. Kẹ́hìndé ní poro ilá kan, tiẹ̀ ni, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀kọ́sáìsì yẹn náà.

Tí nǹkan bá ṣe ọkọ yín, kí lẹ máa ní lórí ilẹ̀ náà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí léyìí, inú kọ́kọ́ bí mi. Àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Nínú àṣà wa, ọmọ ló ń jogún ilẹ̀ bàbá ẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ìyàwó ò kì í jogún ilẹ̀ ọkọ. Éékà mẹ́ta yẹn jẹ́ ti àwọn ọmọ mi, kì í ṣe tèmi. Nítorí náà, ilẹ̀ etí odò, orúkọ mi ló wà lórí ìwé ẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì ló fọwọ́ sí i, mo sì ń tọ́jú rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ ọdọọdún. Bàbá Ìbejì ló dá a lábàá. Wọ́n ní tí àwọn bá nífẹ̀ẹ́ mi láàyè, ó yẹ kó hàn lórí ìwé.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ mi l'Ékòó sílẹ̀ kí èmi àti ìyàwó mi wá máa dáko. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ má jọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba éékà kan, ẹ gbin ilá àti àgbàdo sí apá kan torí ilá ò tó oṣù méjì tí á ti máa wọlé fún yín, ẹ̀gẹ́ máa jẹ́ kẹ́ ẹ dúró fún ọdún kan gbáko, ebi ò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra àdá, ẹ ra ìwé ẹ̀kọ́sáìsì. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ èwo ni tìyàwó, èwo ni tọkọ, èwo ni toko. Tí ẹ ò bá lè parí ìjókòó yẹn láìbínú, ẹ sún ọ̀rọ̀ oko síwájú ná.

Ìgbà wo la lè wá kí yín?

Ọjọ́ Friday, ọjọ́ yẹn là ń yan gàrí. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má wọ aṣọ funfun. A máa bu gàrí gbígbóná fún yín látinú agbada, omi tútù wà nínú àmù, ẹ̀pà náà wà. Bàbá Ìbejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bu tiwọn, wọ́n á ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, èmi á ní rárá o, ti ìdí agbada ò sí nínú ìwé.